Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: ìdí tí náítírójìn yín fi ń dín kù láìlò ó

Ẹ̀yin oníbàárà wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ẹjọ́ kan náà ni ẹ̀yin olùsìn màlúù tí ẹ ń fi náítírójìn olómi tọ́jú àtọ̀ màlúù ń rò fún wa, àti ẹ̀yin oníṣègùn tí ẹ fi ń sun ohun tó bá hù sára aláìsàn: "A ò tíì fọwọ́ kàn án, ó ti dín kù. Ṣé kì í ṣe òṣùwọ̀n èké lẹ fi wọ̀n ọ́n?"

Ká má purọ́, ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n èké yẹn dùn wá. Ohun tí ẹ rà, híhó ló ń hó láti ìgbà tí a ti rọ ọ́ fún yín.

Nínú ìdá 100 afẹ́fẹ́ tí à ń mí símú, bíi 78 ni náítírójìn. Gáàsì ni níbẹ̀. Ó di ìgbà tó bá tutù dé 196 lábẹ́ òdo lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́sì kó tó di olómi, ibẹ̀ náà ló sì ti ń hó. Nítorí náà, kódà inú fíríìsà, bí ìkòkò omi lórí ẹyín iná ló rí.

Ìkòkò tí a fi ń gbé e ni kì í jẹ́ kó gbẹ lójú ẹsẹ̀. Ògiri méjì ló ní, wọ́n sì ti fa afẹ́fẹ́ àárín wọn jáde kí ooru má ráyè kọjá. James Dewar, ọmọ Scotland, ló ṣe irú rẹ̀ ní London ní 1892. Ibẹ̀ ni fláàsì tíì ilé yín ti ṣẹ̀ wá. Síbẹ̀, ooru ń yọ́ wọlé, pàápàá láti ẹnu rẹ̀. Bí ẹ bá ń ṣí i léraléra, kíá ni yóò tán. Bí ìrì funfun bá wá ń dì sára ìkòkò náà níta, ògiri rẹ̀ ti jò; ẹ kó ohun inú rẹ̀ sí òmíràn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Àwọn kan wá fi rọ́bà dí ẹnu rẹ̀ pinpin. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dán an wò! Lítà kan tó bá di gáàsì tó bíi 700 lítà. Bí kò bá rọ́nà jáde, ìkòkò á bú gbàmù. A mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ìdérí yẹn kó má fún ni. Ẹ má sì gbé e sínú yàrá tàbí mọ́tò tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì: gáàsì náà á lé ọ́síjìn lọ, kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, èèyàn á kàn dákú ni. Èéfín funfun tí ẹ ń rí yẹn kọ́ ni náítírójìn. Omi inú afẹ́fẹ́ ni òtútù sọ di kùrukùru.

Ẹnìkan tún béèrè bóyá a lè ta èyí tó ti dì. Ó ń dì lóòótọ́, ní 210 lábẹ́ òdo. Orí Pluto, ayé kékeré kan tó jìnnà réré sí oòrùn, ló ti tẹ́ lọ salalu. New Horizons, ọkọ̀ òfuurufú aláìléèyàn tí Amẹ́ríkà rán lọ síbẹ̀, ya àwòrán rẹ̀ ní 2015. A ò tíì ní ẹ̀ka níbẹ̀.

Kí ẹ lè mọ iye tó kù, ẹ ti igi gbígbẹ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ìsàlẹ̀ ìkòkò, ẹ yọ ọ́, ẹ fì í nínú afẹ́fẹ́: ibi tí ìrì funfun bá dé ni náítírójìn dé. Ẹ má lo páìpù oníhò, yóò ta sí yín lójú.

Láti oṣù tó ń bọ̀, a ó máa gbé ìkòkò yín sórí ìwọ̀n lójú yín kí ẹ tó gbé e lọ. Lítà kan tó bíi gíráàmù 800. Ẹ lè ṣírò rẹ̀ fúnra yín. Owó rẹ̀ kò yí padà.