Àbẹ̀ní, wọ̀n ọ́n kí o tó kọ nọ́ńbà sí i

Grayling, Michigan

Àbẹ̀ní ọmọ mi,

Àtọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti ń pè ọ́, o ò gbé e. Ẹ̀rọ amúlégbóná wa tún ti bàjẹ́. Àbúrò rẹ ti padà sílé ìwé. Bàbá rẹ ń kí ọ. Ìyẹn kọ́ ló jẹ́ kí n kọ̀wé.

Wọ́n ní oníbàárà kan ní Bozeman gbé ọ̀pá ìpẹja tí o ṣe fún un padà wá bá ọ. Wọ́n ní 5 lo kọ sí i lára, pé okùn tó wúwo tó nọ́ńbà 5 ló bá a mu, ó fi okùn 5 jù ú, okùn ò lọ, o wá ní kó lọ ra okùn 6. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé o wọn ọ̀pá yẹn, àbí ohun tí ẹni tó ta blank, ọ̀pá lásán tí a kò tíì fi nǹkan sí lára, fún ọ kọ ni o dà kọ?

Kòkòrò tí a fi ìyẹ́ dì láti tan ẹja kò wúwo tó ohun tí ọ̀pá lè jù. Okùn ni ẹrù. Òun ló ń tẹ ọ̀pá kí ọ̀pá tó ta á síwájú, ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà fi ju ẹwà òwú tí a fi ń di òrùka mọ́ ọ̀pá lọ. Ọgbọ̀n ẹsẹ̀ bàtà àkọ́kọ́ okùn ni kí o gbé sórí òṣùwọ̀n, má ka ṣóńṣó tẹ́ẹ́rẹ́ iwájú mọ́ ọn. Gréènì, ìwọ̀n kékeré, ni a fi ń wọ̀n ọ́n: okùn 4 jẹ́ gréènì 120, okùn 5 jẹ́ 140, okùn 6 jẹ́ 160, okùn 8 jẹ́ 210. Bí okùn 5 bá wà láàárín 134 sí 146, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ okùn tí wọ́n kọ 5 sí lára páálí lónìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 6, torí ọ̀pá òde òní le. Má gba páálí gbọ́.

Ọ̀pá náà ńkọ́? Tẹ́ ẹ gbọọrọ, di ìdí rẹ̀ mọ́ tábìlì, so ọ̀rá kékeré mọ́ ṣóńṣó rẹ̀, kí o máa ju owó ẹyọ sẹ́ǹtì kan sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Sẹ́ǹtì tí wọ́n rọ lẹ́yìn 1982 ni kí o lò, gíráàmù 2.5 ni; ti àtijọ́ wúwo jù ú lọ. Bí ṣóńṣó bá ti sọ̀ kalẹ̀ tó ìdá kan nínú mẹ́ta gígùn ọ̀pá, dúró, kà á. Íǹṣì 36 nìyẹn fún ọ̀pá ẹsẹ̀ bàtà 9. William Hanneman ló fi ọ̀nà yìí lélẹ̀. Fi iye rẹ̀ wé ti ọ̀pá tí ojú rẹ ti mọ̀, kí o wá gbé okùn 4, 5 àti 6 lọ sórí koríko, kí o fi ọ̀pá náà jù wọ́n wò. Bi oníbàárà pé ibo ló ti ń pẹja. Ẹni tó wà létí odò kékeré, tí kì í ju okùn kọjá ẹsẹ̀ bàtà 20, okùn tó jáde kò tó láti tẹ ọ̀pá, ó lè nílò nọ́ńbà kan sí i. Ẹni tó ń jù ú tó 60 lè fi nọ́ńbà kan dín in.

Nídìí òwú, ọwọ́ rẹ dára ju tèmi lọ, mo sọ ọ́ tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n o máa ń fà á jù. Bí ìgbà tí a bá ń fòwú kó irun ọmọdé ni: bí o bá fà á jù, orí á fọ́ ọ. Ẹsẹ̀ òrùka tí okùn ń gbà kọjá á jẹ gráfáìtì ara ọ̀pá, ibẹ̀ ni ọ̀pá á ti ṣẹ́. Kí o tó fi ẹpọ́sì, oje tó ń le bo òwú, sí i, òrùka gbọ́dọ̀ ṣì lè yẹ̀ díẹ̀ bí o bá fi àtàǹpàkò tì í. Má sì bu ẹpọ́sì rẹpẹtẹ sí apá ṣóńṣó, òrùka tó wúwo àti ẹpọ́sì tó nípọn ń jẹ́ kí ọ̀pá rọ. Blank tó bá jẹ́ 5 lè má jẹ́ 5 mọ́ tí o bá parí iṣẹ́. Àní, wọ̀n ọ́n lẹ́yìn iṣẹ́.

Ṣé o ń jẹun, Àbẹ̀ní?

Ohun tó ń dẹ́rù bà mí kì í ṣe ọ̀pá kan. Bàbá àgbà kan wà tí mo fojú bu nọ́ńbà ọ̀pá rẹ̀. Ó ní apá òun ló ti dàgbà, ni okùn ò ṣe lọ mọ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, bàbá, ọjọ́ orí ni. Apá rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Mo mọ̀. Owó rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, mi ò pè é padà. Ìwọ lo di òwú mú fún mi lórí àpótí lọ́jọ́ náà, o sì gbọ́ ohun tí mo sọ.

Gba ọ̀pá oníbàárà Bozeman yẹn padà. Fi ẹ̀rọ ìgbẹrun mú ẹpọ́sì orí nọ́ńbà náà gbóná, kí o fi èékánná ṣí i; má fi abẹ kàn án. Kọ 6, kí o po ẹpọ́sì tuntun, oje àti èyí tó ń mú un le ní ìwọ̀n kan náà, sírínjì ni kí o fi fà á, má fojú wọ̀n ọ́n. Jẹ́ kí ẹ̀rọ tó ń yí ọ̀pá máa yí i títí tí ẹpọ́sì kò fi ní ṣàn mọ́. Owó okùn 6 tó rà, dá a padà fún un. Má sọ fún un pé apá rẹ̀ ni.

Òṣùwọ̀n mi àti ọ̀rá sẹ́ǹtì wà nínú páálí yìí. Lálẹ́ ọjọ́ tó bá dé, pè mí.

Ìyá rẹ