Lẹ́tà Sáà Kejì sí Ẹ̀yin Òbí: Kọ̀ǹpútà Apple-1 Tí Àwọn Ọmọ Máa Fọwọ́ Tò

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa,

Ẹ kú ọdún, ẹ sì kú ìnáwó ọmọ. Ọ̀rọ̀ owó iléèwé wà nínú ìwé tó tẹ̀lé èyí. Iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ kọ̀ǹpútà SS 1 àti SS 2 fẹ́ ṣe ní sáà yìí la fẹ́ bá yín sọ níbí, torí ẹ máa rí wáyà àti pátákó oníhò wẹẹrẹ (breadboard) nínú báàgì wọn, a ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbá a mọ́ ìdọ̀tí.

Ẹ̀dà Apple-1, kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ tí ilé-iṣẹ́ Apple tà, ni wọ́n máa tò. Lọ́dún 1976 ni Steve Wozniak ṣe kọ̀ǹpútà náà ní California, tí Steve Jobs sì ń bá a wá oníbàárà. $666.66 ni wọ́n ń tà á, nǹkan bíi 200 péré ni wọ́n sì ṣe. Pátákó tí wọ́n to IC (àwọn èròjà dúdú kéékèèké elẹ́sẹ̀ irin púpọ̀) sí ni owó yẹn rà: kò sí kíbọ́ọ̀dù, kò sí àpótí, kò sí tiransifọ́mà. Ìrántí rẹ̀ 4 KB ni (báìtì 4,096; báìtì kan ń gba nọ́ńbà kan), ètò tó ń darí rẹ̀ kò sì ju báìtì 256 lọ. Ìdí tí a fi mú un nìyẹn. Ọmọ SS 1 lè ka báìtì 256 tán kó sì mọ iṣẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Fóònù wo lèèyàn lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí?

Ọmọ mẹ́rin ló máa wà nídìí ẹ̀rọ kan. IC mẹ́fà ló ń gbà: W65C02S tó jẹ́ ọpọlọ, 62256 fún ìrántí, 28C256 tí ètò máa wà nínú rẹ̀, 6821 tó ń gba ọ̀rọ̀ wọlé tó sì ń gbé e jáde, pẹ̀lú 74HC138 àti 74HC00 tó ń pín ọ̀nà fún wọn. Ẹ fi oscillator 1 MHz kan kún un (òun ló ń ka ìṣísẹ̀ fún ọpọlọ, ìgbà mílíọ̀nù kan ní sẹ́kọ́ńdù kan), kàpásítọ̀ mẹ́fà tí wọ́n kọ 104 sí lára, tó ń tọ́jú iná díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ IC, rẹ̀sísítọ̀ 1 kΩ bí ogún, tó ń dín iná kù, breadboard mẹ́ta, àti wáyà tó tó ọgọ́rùn-ún. Àwọn IC tó ń gbé ọ̀rọ̀ sójú tẹlifíṣọ̀n láyé ìgbà yẹn ti ṣọ̀wọ́n, nítorí náà Arduino Nano kan, pátákó kọ̀ǹpútà kékeré, ló máa gba iṣẹ́ wọn ṣe.

Iléèwé ló ra gbogbo IC. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bá ọmọ ra 6502 àlòkù kún un, ìyẹn ọpọlọ àtijọ́ tó wà nínú Apple-1, tí W65C02S jẹ́ tuntun rẹ̀. Àwọn kan máa ń ha orúkọ ara IC ògbólógbòó dànù, wọ́n á tẹ òmíràn lé e. Yàtọ̀ síyẹn, ẹsẹ̀ tuntun àti ti àtijọ́ ò bára mu tán. Ẹsẹ̀ 1 lára 6502 àtijọ́, négétíìfù ló ń lọ. Lára W65C02S, iná ló ń gbà jáde. Ọmọ tó bá tẹ̀lé àwòrán 1976 láìyẹ̀ ẹ́ wò máa so iná tó ń jáde mọ́ négétíìfù, IC á gbóná, ó sì lè kú. Ẹsẹ̀ 36, tí kò níṣẹ́ lára ti àtijọ́, gbọ́dọ̀ lọ sí fóltì 5 lára tuntun.

Kí wọ́n tó fi ìrántí kankan sí i, ọpọlọ nìkan ni wọ́n máa kọ́kọ́ dán wò. Ẹsẹ̀ 26 sí 33 ló ń ka ọ̀rọ̀ wọlé. Wọ́n á fi rẹ̀sísítọ̀ de márùn-ún nínú wọn mọ́ fóltì 5, mẹ́ta tó kù mọ́ négétíìfù, tó fi jẹ́ pé EA, nọ́ńbà àṣẹ kan, ni ọpọlọ máa bá níbikíbi tó bá wò. EA ń sọ fún un pé kó má ṣe nǹkan kan, kó kọjá sí èyí tó kàn. Ló bá ń ka àdírẹ́sì (nọ́ńbà ojúlé inú ìrántí) lọ dé òpin, á tún bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá fi iná LED sí ẹsẹ̀ 25, á máa ṣẹ́jú ní bí ìgbà méje sí mẹ́jọ ní sẹ́kọ́ńdù kan. Ẹ wo ojú ọmọ lọ́jọ́ tí iná yẹn bá kọ́kọ́ ṣẹ́jú!

Bó bá kọ̀ tí kò ṣẹ́jú, kí wọ́n fi mítà tó ń wọn iná wo ẹsẹ̀ 37, bóyá oscillator ń wọlé, àti ẹsẹ̀ 40, tó yẹ kó wà ní fóltì 5 tí wọ́n bá ti jọ̀wọ́ bọ́tìnnì àtúnbẹ̀rẹ̀ (reset). Lẹ́yìn náà, ẹsẹ̀ 2, 4, 6 àti 38: rẹ̀sísítọ̀ ni wọ́n fi ń dè wọ́n mọ́ fóltì 5. Ẹsẹ̀ tí a fi sílẹ̀ láìdè kì í dákẹ́. Ẹ̀rọ á ṣiṣẹ́ nígbà tí ọwọ́ ọmọ wà nítòsí, á kú nígbà tó bá gbé e kúrò, ọmọ á sì máa rò pé àǹjọ̀nú wà nínú rẹ̀.

Àṣìṣe tó nira jù láti rí ni ti ìrántí. Àṣẹ ìkọ̀wé tó ń ti ẹsẹ̀ 34 bọ̀ gbọ́dọ̀ bá oscillator pàdé nínú 74HC00 kó tó dé 62256. Bí wọ́n bá so ó tààrà, ẹ̀rọ á kọ nǹkan sí ojúlé tí kì í ṣe tirẹ̀ nígbà tí àdírẹ́sì ṣì ń yí padà. Á ṣiṣẹ́ láàárọ̀, á ṣìṣe lọ́sàn-án. Kàpásítọ̀ tí kò sí nítòsí IC náà máa ń fa irú rẹ̀, torí gbogbo IC ló ń gbé iná mì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun tí a ń fẹ́ lọ́wọ́ yín kò pọ̀. Àjákù wáyà LAN (wáyà tí wọ́n fi ń so kọ̀ǹpútà pọ̀) tí inú rẹ̀ le, tó gùn tó mítà méjì. Èyí tí inú rẹ̀ rí wẹẹrẹ bí irun kì í wọ ihò breadboard. Ṣájà fóònù fóltì 5 tó ṣì dára. Pákó pẹlẹbẹ kan fún àpótí. Ọyẹ́ ṣì ń fẹ́: iná tó ń ta wá lára nígbà tí a bá ń bọ́ súwẹ́tà lè pa IC láìjẹ́ pé a gbọ́ ohùn rẹ̀. Kí ọmọ fọwọ́ kan irin fèrèsé kó tó mú IC, kó má sì dì í sínú ọ̀rá. Fóòmù dúdú tó bá a wá ni kó gún un mọ́.

Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n tó mọ iṣẹ́ rédíò bá wọn tò ó parí. Ìwé tí ọmọ ń kọ àṣìṣe rẹ̀ sí la fẹ́ fún ní máàkì, ẹ̀rọ tó ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀ kì í sì í jẹ́ kí ìwé yẹn kún.

Ní Sátidé tó ṣáájú ìdánwò, aago mẹ́wàá àárọ̀, ẹ wá sí yàrá sáyẹ́ǹsì. Ẹ tẹ bọ́tìnnì àtúnbẹ̀rẹ̀ kí àmì \ jáde, kí ẹ wá tẹ èyí:

0: A9 0 AA 20 EF FF E8 8A 4C 2 0

Ẹ tẹ Return, lẹ́yìn náà R àti Return. Lẹ́tà á bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde láìdúró. Bí wọ́n bá mú iná lọ, báìtì mọ́kànlá yẹn á pa rẹ́, ẹ ó tún un tẹ̀.

Ọ̀gá Ilé-Ẹ̀kọ́