Dàpọ̀, Pressly náà ti lọ

Houston, Texas
Sunday, 16 oṣù kejì, 2025

Dàpọ̀ ọ̀rẹ́ mi,

Mo mọ̀ pé o ti gbọ́, torí kò sí nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ sí Astros, tíìmù baseball Houston wa, tí ìwọ kì í gbọ́ ṣáájú èmi tí mo wà níbí, àmọ́ kò ṣeé pa mọ́ra: Bregman tó ń ṣọ́ third base fún wa ti lọ. Tíìmù Boston ló lọ, kọ́ńtíráàtì ọdún mẹ́ta, 120 mílíọ̀nù dọ́là. Wednesday lálẹ́ ni ìròyìn náà já, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, mo jókòó sínú mọ́tò níwájú ilé, mi ò wọlé, títí Sọlá fi jáde wá bèèrè pé kí ló dé. Ìwọ ni mo kọ́kọ́ fẹ́ pè, mo wá wo aago, mo rí i pé ilẹ̀ ò tíì mọ́ lọ́dọ̀ yín ní London, mo bá fi fóònù sílẹ̀.

Báwo ni ìyàwó? Àwọn ìbejì ńkọ́? Ẹ kú òtútù o. Àwa náà rí tiwa níbí, sìnóò bọ́ ní Houston ní ọjọ́ 21 oṣù tó kọjá, gbogbo títì funfun báláú, Màmá ní Òṣogbo ti ṣe iṣẹ́ abẹ ojú, wọ́n ń ríran dáadáa báyìí, Sọlá ti yege ìdánwò nọ́ọ̀sì, mo ti ta Camry. Ó yá, ká padà sọ́rọ̀ wa.

Jẹ́ ká kà á. Oṣù kejìlá, wọ́n gbé Tucker fún Chicago Cubs, wọ́n gba Paredes, Wesneski àti ọmọdé kan tó ń jẹ́ Cam Smith. Oṣù kìíní, wọ́n gbé Pressly tó ń ju bọ́ọ̀lù fún wa lọ bá Tucker níbẹ̀. Oṣù kejì, Bregman gba Boston lọ. Ṣé o rántí bọ́ọ̀lù tó kẹ́yìn ní World Series 2022, tí a fi gba ife? Ọjọ́ 5 oṣù kọkànlá, nínú pálọ̀ rẹ, lẹ́yìn tí Yordan wa ti gbá home run tiẹ̀, bọ́ọ̀lù tó fò kọjá ògiri, lọ ní ẹsẹ̀ bàtà 450 tí a fi ariwo jí àwọn ìbejì, tí ìyàwó rẹ fẹ́ lé wa jáde. Pressly ló ju bọ́ọ̀lù yẹn, Castellanos ti Phillies gbá a sókè lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, Tucker sáré wá láti right field, apá ọ̀tún lẹ́yìn pápá, ó sì hán an. Ẹni tó jù ú àti ẹni tó hán an, Chicago ni àwọn méjèèjì wà lónìí. Mo ti ń ro ọ̀rọ̀ yìí láti bí ọ̀sẹ̀ méjì, kò kúrò lọ́kàn mi.

Ọ̀rọ̀ Tucker yé mi o, mi ò ní purọ́. Ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n Wálé ní Bissonnet, a jà á títí wọ́n fi gbàgbé orí ẹni tí wọ́n ń gẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní ẹ̀yin ọmọ yìí ò mọ ọjà tà, ọdún kan péré ló kù nínú kọ́ńtíráàtì ẹ̀, Springer ńkọ́, Correa ńkọ́, a dúró tì wọ́n títí wọ́n fi kó ẹrù wọn lọ, kí la rí gbà lọ́wọ́ Toronto, kí la rí gbà lọ́wọ́ Minnesota? Tòmátì tó máa jẹrà lọ́la, òní là ń tà á. Sẹ́gun dá wọn lóhùn pé ẹni tó gbá home run 23 nínú eré 78 péré, tó fi bọ́ọ̀lù ṣẹ́ egungun ojúgun tó ṣì padà wá, ẹ ń pè é ní tòmátì? Gbogbo ṣọ́ọ̀bù pariwo. Èmi gbà pé òótọ́ ẹ̀gbọ́n pọ̀ ju ti Sẹ́gun lọ, ó dùn mí àmọ́ mo gbà. Bregman náà, owó yẹn pọ̀, Boston fẹ́ san án, kó lọ ní àlàáfíà, ọmọ dáadáa ni.

Pressly ni mi ò gbà. Mi ò gbà rárá. Wọ́n ní nítorí owó orí ni, pé tí owó oṣù gbogbo tíìmù lọ́dún yìí bá ti kọjá 241 mílíọ̀nù, wọ́n á san owó orí lórí èyí tó lé. Ó dáa. Ta ló wá gbé wa débẹ̀? José Abreu tí wọ́n ti dá sílẹ̀ láti oṣù kẹfà ọdún tó kọjá ṣì máa gba 19.5 mílíọ̀nù lọ́dún yìí. Montero tí wọ́n yọ kúrò nínú roster, ìwé orúkọ àwọn òṣèré, 11.5. Owó àwọn méjèèjì jẹ́ 31 mílíọ̀nù, 14 mílíọ̀nù sì ni owó Pressly, wọ́n tún fún Cubs ní 5.5 kí wọ́n tó gbà á, pitcher kan, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù, ọmọ ogún ọdún, tó ṣì wà ní líìgì ìsàlẹ̀, ni wọ́n fún wa. Láti 2018 ló ti wà lọ́dọ̀ wa, ọmọ Texas. Nígbà tí wọ́n gbé Hader wá lọ́dún tó kọjá, ọdún márùn-ún, 95 mílíọ̀nù, òun tó ti ń jẹ́ closer, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù parí eré, sún sẹ́yìn lọ sí inning kẹjọ nínú mẹ́sàn-án, ó ń ṣiṣẹ́ lọ. Ó sì ti pẹ́ débi pé wọn ò lè gbé e lọ síbì kankan àfi tí òun fúnra ẹ̀ bá gbà, ó sì gbà. Ibẹ̀ ló dùn mí jù. Ẹni tí wọ́n ti jẹ́ kó mọ̀ pé àwọn ò fẹ́ òun mọ́ ló ń gbà bẹ́ẹ̀.

Mo mọ ohun tí o máa sọ, wàá ní eré wa pẹ̀lú Detroit ńkọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ 2 oṣù kẹwàá, orí àga wa ní pápá ni mo jókòó sí. A ti ń borí 2-1, inning kẹjọ, ọwọ́ Pressly ni wọ́n ti dá a padà sí 2-2, Hader wọlé, Ibáñez ti Detroit gbá tiẹ̀, èèyàn mẹ́ta wọlé, 5-2, àsè tú. Ọdún àkọ́kọ́ láti 2016 tí a ò dé ALCS, ìpele tó ṣáájú World Series. Mo mọ̀ pé bọ́ọ̀lù Pressly ò sáré bíi tẹ́lẹ̀ mọ́, ó ti pé 36. Àmọ́ sọ fún mi, ta ni wọ́n fi rọ́pò ẹ̀? Hader ní kẹsàn-án, Bryan Abreu ní kẹjọ, ìyẹn ti dáa. Ta ló ni ìkeje? Tí starter, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ eré, bá ti rẹ̀ ní ìkarùn-ún ńkọ́? Ort àti King gbìyànjú lọ́dún tó kọjá. Tayler Scott náà gbìyànjú gan-an, ọmọ Johannesburg, pitcher àkọ́kọ́ láti South Africa tó dé Major League, Tómiwá máa ń pè é ní ará ilé wa. Àmọ́ ọdún kan péré la tíì rí lọ́wọ́ wọn, bullpen, àwọn tó ń rọ́pò starter, sì dà bí àgbàrá òjò, ibi tó gbà lọ́dún yìí lè máà gbabẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Tí ọwọ́ Hader bá dùn ún pẹ́nrẹ́n ní oṣù kẹjọ, kí la fẹ́ ṣe? Mo bẹ̀rù ẹ̀ gan-an.

Walker tí wọ́n gbé wá sí first base, èmi fẹ́ràn ìyẹn. Altuve wà níbi ìmúrasílẹ̀ tíìmù ní West Palm Beach, ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe left field ní ọmọ ọdún 34, Ọlọ́run á bá a ṣe é. Wọ́n ti yí orúkọ pápá wa, Minute Maid, padà o, Daikin Park ló ń jẹ́ báyìí, ahọ́n mi ò tíì mọ́ ọn.

Tómiwá gbé jersey Tucker ẹ̀ wá bá mi, nọ́ńbà 30 tí o rà fún un kí ẹ tó lọ, ó ti kéré sí i lára, ó ní Dádì, ṣé mo ṣì lè máa wọ èyí? Mo ní kó máa wọ̀ ọ́. Ó wá ní, ṣé Uncle Dàpọ̀ náà ò ní padà wá mọ́ ni? Mi ò rí nǹkan sọ fún un.

Nǹkan tí mo tìtorí ẹ̀ kọ lẹ́tà yìí gan-an rèé, mo ti ń yí i ká láti òkè. Ọdún méjì lo sọ pé ẹ máa lò, oṣù kẹjọ ló máa pé. Sọlá ní ìyàwó rẹ sọ fún òun pé ẹ ti ń wo ilé ní Kent. Ìwọ ò sọ fún mi. Mi ò bínú, ilé dáa, àwọn ìbejì nílò ibi tí wọ́n á ti máa sáré. Àmọ́ ọ̀rọ̀ àga wa ní pápá wà nílẹ̀. Láti ìgbà tí o ti lọ ni mo ti ń san tìrẹ mọ́ tèmi, òní Sẹ́gun, ọ̀la Sọlá, nígbà míì mo kàn gbé ẹ̀wù mi lé e. Ẹ̀gbọ́n Wálé fẹ́ gbà á pátápátá, owó wà lọ́wọ́ wọn, orúkọ rẹ ló sì wà lórí ẹ̀, mi ò lè ṣe é láìjẹ́ pé o fọwọ́ sí i. Ìparí oṣù yìí ni wọ́n fẹ́ gbọ́.

Jọ̀ọ́, sọ òótọ́ fún mi, ṣé kí n fún wọn, àbí kí n ṣì dì í mú? Tí o bá ní kí n dì í mú, màá dì í mú, owó ò dùn mí. Tí o bá sì ní kí n fún wọn, á yé mi, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ ni kí n ti gbọ́ ọ. Ọjọ́ 27 oṣù kẹta la máa bẹ̀rẹ̀, Mets ló ń bọ̀. Láti 27 sí 29 oṣù kẹfà, Cubs ń bọ̀ wá síbí, Tucker ní right field, Pressly nínú bullpen tiwọn lọ́hùn-ún. Mo fẹ́ kí àwa méjèèjì jọ dìde pàtẹ́wọ́ fún wọn. Kódà tó bá jẹ́ ọjọ́ mẹ́ta péré lo lè fi wá, wá. Yàrá Tómiwá wà, ó ti ní òun máa sùn nílẹ̀.

Má fi voice note ránṣẹ́ sí mi lórí eléyìí, pè mí. Mo máa ń délé ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ìyẹn aago méjìlá òru lọ́dọ̀ yín, mo sì mọ̀ pé ojú rẹ máa là.

Bá mi kí ìyàwó, kó o bá mi gbé Táyé àti Kẹ́hìndé mọ́ra.

Èmi ni,
Rótìmí