Lẹ́tà sí Àdùkẹ́ lórí bí a ṣe ń tú ìwé ẹnà

Àdùkẹ́ ọmọ mi,

Mo gbọ́ pé ìwé ẹnà kejì tí ìwọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ń tú kò tíì tú, àti pé o ti fẹ́ sọ ọ́ nù. Dá ọwọ́ dúró ná. Kì í ṣe àìlóye ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù lọ, ìkánjú ni. Ojú á rí ohun tó jọ ọ̀rọ̀, ọkàn á ti gbà pé òun nìyẹn, láti ibẹ̀ lọ, tipátipá lèèyàn á máa fi to gbogbo lẹ́tà tó kù. Má fipá mú ìwé wí ohun tí o fẹ́ gbọ́.

Má kọ ohunkóhun sára ìwé gan-an. Yà á ní fọ́tò tojú tẹ̀yìn, kí o dà á kọ sórí bébà mìíràn pẹ̀lú pẹ́ńsù, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan nínú àpótí tirẹ̀, kí o sì fi ìlà méjì sílẹ̀ lófìfo lábẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan. Ibi tí kò bá ti dá ọ lójú bóyá l ni tàbí 1, O ni tàbí òdo, fi àmì sí i, má dá ẹjọ́ ẹ̀. Lẹ́tà kan ṣoṣo tí o bá fò lè da gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e rú. Kí o tó ṣe ohunkóhun mìíràn, ka lẹ́tà àkọ́kọ́ ìlà kọ̀ọ̀kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí o ṣe bẹ́ẹ̀ fún lẹ́tà ìparí náà. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sí.

Lẹ́yìn náà, béèrè irú álífábẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lò. Bí o bá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Yorùbá ló wà nísàlẹ̀, tí c, q, v, x tàbí z sì ń yọjú, álífábẹ́ẹ̀tì Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe é. Bí ẹ, ọ tàbí ṣ bá wà níbẹ̀, tiwa ni, lẹ́tà 25, gb sì jẹ́ ẹyọ kan nínú wọn. Ṣọ́ gb yìí gan-an: ẹni tó bá ka g lọ́tọ̀, b lọ́tọ̀, iye lẹ́tà rẹ̀ ti yẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹnà tó rọrùn jù ni kí wọ́n sún gbogbo lẹ́tà síwájú ní iye kan náà. Julius Caesar, ọ̀gágun Róòmù àtijọ́, a máa sún tirẹ̀ ní mẹ́ta. Gbìyànjú èyí ní álífábẹ́ẹ̀tì tiwa: BE UL LOG. Dá ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ padà sẹ́yìn ní ẹyọ kan, AD ló máa fún ọ. Ọ̀rọ̀ Yorùbá kì í fi d parí, gbé e tì. Ẹyọ méjì, YB. Kò ṣeé pè. Ẹyọ mẹ́ta, WA. Bá a lọ bẹ́ẹ̀: WA SI ILE. Ìgbìyànjú 24 péré ló wà lápapọ̀, lẹ́tà méjì àkọ́kọ́ sì tó láti lé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn lọ. Ṣùgbọ́n àwọn tó ti mọ ẹnà 13 ti Gẹ̀ẹ́sì máa ń kọsẹ̀ nínú tiwa. Lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 26, ìdí nìyẹn tí sísún 13 lẹ́ẹ̀mejì fi ń dá ọ̀rọ̀ padà síbi tó ti wá. Tiwa jẹ́ 25: ohun tí wọ́n bá sún ní 13, o ní láti dá a padà sẹ́yìn ní 13, tàbí kí o tún sún un síwájú ní 12.

Bí ìyẹn kò bá ṣiṣẹ́, ó lè jẹ́ pé wọ́n pààrọ̀ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan fún àmì tirẹ̀ láìtẹ̀lé ìtò kankan. Al-Kindi, ọ̀mọ̀wé kan ní Baghdad, ti kọ ọ̀nà tí a fi ń tú u sílẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹsàn-án: ka iye ìgbà tí àmì kọ̀ọ̀kan yọ, kí o fi wé bí lẹ́tà èdè náà ṣe máa ń yọ. Ní Gẹ̀ẹ́sì, E ló pọ̀ jù, nǹkan bí 12 nínú 100. Jọ̀ọ́, má gbé òfin E yẹn wá sínú Yorùbá. Èdè wa ní tirẹ̀, ó sì lágbára jùyẹn lọ: fáwẹ̀lì tàbí n ni ọ̀rọ̀ wa fi ń parí. Nítorí náà, bí wọ́n bá fi àlàfo sáàárín ọ̀rọ̀, to gbogbo àmì tó ń parí ọ̀rọ̀ jọ. A, e, ẹ, i, o, ọ, u àti n, mẹ́jọ péré ni wọ́n lè jẹ́. Bí o bá rí ẹ̀kẹsàn-án, àlàfo yẹn kì í ṣe òótọ́, tàbí kí o máa bá irú ẹnà mìíràn jà. Ọ̀rọ̀ tó jẹ́ àmì kan ṣoṣo lè jẹ́ ó, a, ẹ, ń tàbí fáwẹ̀lì mìíràn. Bí àmì mẹ́fà bá tò ní 123123, dán díẹ̀díẹ̀ àti kíákíá wò.

Ibi tí mo fẹ́ kí o dúró sí jù lọ ni ẹnà tí wọn kò ti pààrọ̀ lẹ́tà rárá, ipò wọn ni wọ́n yí padà. Wo èyí:

KỌBỌWẸKAẸỌLNRAI

Lẹ́tà 15 ni. Fáwẹ̀lì jẹ́ mẹ́jọ nínú wọn, ìdajì sì ni fáwẹ̀lì máa ń sún mọ́ nínú ọ̀rọ̀ Yorùbá. Lẹ́tà kò yí padà nìyẹn. Ṣùgbọ́n L àti N ò lè fara kanra báyìí ní èdè wa. Wọ́n ti dà wọ́n pọ̀. 15 ṣeé pín sí 3 àti 5. Gé e ní mẹ́ta-mẹ́ta, KỌB, ỌWẸ, KAẸ, ỌLN, RAI, kí o gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró lóòró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí o wá kà á ní ìbú. Ìlà mẹ́ta ló máa jáde: KỌKỌR, ỌWALA, BẸẸNI.

Ibí gan-an ni ìkánjú ń mú èèyàn. Ojú á ti rí "bẹ́ẹ̀ ni" nísàlẹ̀, inú á dùn, wọ́n á wá máa wá ìtumọ̀ fún "ọwala". Irọ́ ni. Òpin ìlà kì í ṣe òpin ọ̀rọ̀. So ó pọ̀: KỌKỌRỌ WA LABẸ ẸNI. Síbẹ̀ kò tíì tán, torí pé kò sí àmì ohùn. Ṣé ẹní tí a ń tẹ́ sílẹ̀ ni, àbí ẹni tó jókòó? Lẹ́tà kò lè sọ ìyẹn fún ọ, ọ̀rọ̀ tó yí i ká ló máa sọ ọ́. Nítorí náà kọ ìtumọ̀ méjèèjì sílẹ̀, kí o lọ wò.

Bí nọ́ńbà nìkan ni wọ́n kọ, tí kò sí èyí tó kọjá 5 nínú wọn, tí iye wọn sì ṣeé pín sí méjì, ya àpótí 5 ní 5. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní láti fún I àti J mọ́ àpótí kan náà kí tiwọn tó gba ibẹ̀. Tiwa wọ̀ ọ́ rẹ́gí. Ìlà àkọ́kọ́ á jẹ́ A B D E Ẹ, èkejì F G GB H I, ìkẹta J K L M N, ìkẹrin O Ọ P R S, ìkarùn-ún Ṣ T U W Y. Nọ́ńbà ìlà ló máa ń ṣáájú, nítorí náà 42 34 42 ni ọmọ. Bí kò bá mọ́gbọ́n dání, ka nọ́ńbà òró ṣáájú ti ìlà. Nọ́ńbà ńláńlá tó wá ní mẹ́ta-mẹ́ta yàtọ̀: ojú ìwé, ìlà, àti ọ̀rọ̀ nínú ìwé kan ni wọ́n sábà máa ń tọ́ka sí. Ẹ̀dà ìtẹ̀jáde kan náà ló gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ, torí bí ojú ìwé bá ti yẹ̀, gbogbo rẹ̀ di asán.

Báwo lo ṣe máa mọ̀ pé o ti rí i? Òfin kan náà gbọ́dọ̀ tú ìwé náà látìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, láìyọ lẹ́tà kan, láìfi ọ̀kan kún un. Pé ó mọ́gbọ́n dání nìkan kò tó. Ère Kryptos, tí wọ́n gbẹ́ ẹnà sí lára, wà ní ọgbà iléeṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ CIA ní Amẹ́ríkà, Jim Sanborn ló ṣe é ní 1990. Àwọn tó tú apá kejì rẹ̀ rí i pé ó parí sí "ID by rows", ó sì jọ ìtọ́sọ́nà lójú wọn. Ní 2006, Sanborn fúnra rẹ̀ là á yé wọn pé òun yọ lẹ́tà kan kúrò, "X layer two" ló yẹ kó jẹ́. Ọ̀rọ̀ tó ń dún bí òótọ́ ti tan àwọn tó gbówọ́ jù ọ́ lọ.

Pé o tú u kò sì túmọ̀ sí pé o mọ ẹni tó kọ ọ́. Ní 1586, Thomas Phelippes, tó ń tú ẹnà fún ìjọba England, tú lẹ́tà tí Mary, ọbabìnrin Scotland tẹ́lẹ̀, kọ sí Babington tó ń dìtẹ̀ sí ọbabìnrin England, ó wá fi ẹnà kan náà kọ àfikún sísàlẹ̀ rẹ̀, tó ń béèrè orúkọ àwọn tí wọ́n jọ ń dìtẹ̀. Ẹni tó bá mọ ẹnà kan lè fi ṣe ayédèrú. Nítorí náà, má dárúkọ ọ̀rẹ́ rẹ kankan nítorí ohun tí o kà. Bí ìwé bá sì ní kí o dá wá síbì kan, mú àgbàlagbà dání.

Bébà tó dà bíi pé omi kán sí i, tó rọ́ díẹ̀díẹ̀, lè ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ kọ. Ooru ló ń mú un jáde ní àwọ̀ ilẹ̀. Fi aṣọ bò ó, kí o lọ̀ ọ́ pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù tí kò gbóná jù, níṣojú èmi tàbí ìyá rẹ. Iná àbẹ́là kọ́. Bébà á jó kó tó sọ̀rọ̀.

Ní ti ìwé kejì yẹn, pa gbogbo ohun tí o ti méfò sórí rẹ̀ rẹ́. Dà á kọ tuntun, kí o fi ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú iye lẹ́tà rẹ̀ àti iye ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yọ. Má tíì sọ ohun tí o rò pé ó wí fún mi.

Èmi ni,
Bàbá rẹ