Ìró Màmá Rẹ Tó O Rí Nínú Eré Wa

Ìtòkú, Abẹ́òkúta
Alẹ́ ọjọ́ Àìkú

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú òtútù o, ìwọ àti àwọn ará ilé rẹ. Mo gbọ́ ohùn tó o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp lọ́jọ́ Ẹtì, lẹ́yìn tó o wo eré tẹlifíṣàn wa. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tún un gbọ́, torí ẹ̀rín ò jẹ́ kí n gbọ́ ọ dé ìdí lẹ́ẹ̀kíní. "Àṣàkẹ́, ìró Màámi lèyí! Ìró Màámi ló wà lára obìnrin yìí!" Mo tún ń gbọ́ ọmọ rẹ lẹ́yìn tó ń bèèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀.

Ojú rẹ ò tàn ọ́. Ìró Màmá ni, Ìbàdàndùn tí wọ́n máa ń ró lọ sọ́jà nígbà tá a ṣì wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, èyí tí àtùpà jó létí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ kejì ló mú mi jókòó ti ìwé àti bírò. O ní kí ló dé tí àánú opó inú eré náà, ẹni tó ró ìró Màmá, ti ń ṣe ọ́ kó tó la ẹnu rárá, tí o sì ti kórìíra Alájà olówó yẹn kó tó sọ gbólóhùn kan. Ọ̀rọ̀ yẹn gùn ju ohun tí èèyàn ń gbà sílẹ̀ sórí fóònù lọ. Iná náà ti lọ, fóònù mi sì ti fẹ́ kú.

Jẹ́ kí n ti ibi aṣọ bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni oúnjẹ tèmi wà. Nígbà tí wọ́n gbé ìwé eré fún mi, ohun tí wọ́n kọ nípa obìnrin náà ò ju ìlà kan lọ: opó ni, ó ń ta èlùbọ́ ní Kútọ̀. Mo bọ́ sí ọjà Ìtòkú níbí, mo ra àdìrẹ ẹlẹ́kọ tuntun. Iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni. Wọ́n fi ìyẹ́ adìẹ kọ ọ́, ẹ̀kọ láfún tí wọ́n fi yà á ò ṣàn níbì kankan, aró rẹ̀ dúdú minimini. A gbé e wọ òṣèré wa, a dán kámẹ́rà wò. Hàà! Bí ẹni tó ń lọ síbi òkú olówó ló rí. Aṣọ nìkan là ń rí.

Mo fọ aṣọ yìí lẹ́ẹ̀mẹta, mo sá a sórí àpáta, mo tún fi yanrìn ha á. Ó ṣá lóòótọ́, àmọ́ ó ṣá bákan náà láti òkè délẹ̀, aṣọ tí èèyàn lò kì í sì í ṣá bẹ́ẹ̀. Ibi ìjókòó ló máa ń kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà ibi itan tí ọwọ́ máa ń nù sí, àti etí tó ń wọ́lẹ̀. Kámẹ́rà mọ ìyàtọ̀ yẹn ju èèyàn lọ.

Bí mo ṣe rántí Màmá nìyẹn. Mo lọ bá wọn ní Ìjẹmọ̀, mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé ara mi. Wọ́n wọ yàrá, wọ́n pẹ́ díẹ̀, wọ́n sì gbé ìró náà jáde nínú ọ̀rá. Òórùn káńfọ̀ ò jẹ́ kí n mí. Wọ́n ní àwọn ò ní í yá mi láìjẹ́ pé àwọn tẹ̀ lé e. Aṣọ ni wọ́n fẹ́ tẹ̀ lé o, Àbẹ̀kẹ́, kì í ṣe èmi.

Ilé àtijọ́ kan lábẹ́ Olúmọ la ti ń ya eré náà. Wọ́n fún Màmá ní àga. Òṣèré wa jáde, ó ti ró ìró náà, ó gún régé. Màmá wò ó láti orí délẹ̀.

"Ọmọ mi, ibo lo kó owó sí?"

"Owó wo, mà?"

"Owó ọjà. O ń ta èlùbọ́, o ò lówó lára? Àbí àwìn lo ń tà fún gbogbo ayé?"

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Màmá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n dìde, wọ́n tú ìró náà, wọ́n tún un ró, wọ́n fa etí rẹ̀ apá òsì síwájú, wọ́n ká igba náírà sínú rẹ̀, wọ́n so ó ní kókó kan tó le, wọ́n sì tì í bọ ìbàdí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n bu èlùbọ́ wá. Wọ́n fi ìka mẹ́ta gbọ́n ọn sí ibi itan ọ̀tún. Mo ní ṣé kí n fi díẹ̀ sí apá òsì náà kó lè dọ́gba. Wọ́n bojú wò mí. "Ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń bù ú. Kí ni èlùbọ́ ń wá lápá òsì?"

Ó ti tó ọdún mẹ́tàdínlógún tí mo ti ń wọṣọ fún òṣèré. Ilẹ̀ ò lanu kó gbé mi mì.

Bí kókó yẹn ṣe débẹ̀ báyìí ni ìrìn ọmọ náà yí padà. Ó ń fọwọ́ kàn án láìmọ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá sún mọ́ ọn, ọwọ́ rẹ̀ á ti débẹ̀ kí onítọ̀hún tó dé. Ayàwòrán wa, tí kì í sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ló kọ́kọ́ rí i. Ó ní ká má tíì ya ojú rẹ̀, ọwọ́ ni ká kọ́kọ́ yà. Òun nìdí tó fi jẹ́ pé ohun tó o kọ́kọ́ rí ni ìka méjì tó ń tú kókó, tí kókó yẹn sì kún ojú tẹlifíṣàn. Ó ka owó, ó tún un kà, ó so ó padà. Lẹ́yìn ìyẹn ni kámẹ́rà tó wá rọra gòkè lọ sí ojú rẹ̀. Kó o tó rí imú rẹ̀, o ti mọ̀ pé owó ò pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, o tún ti ń fura pé ẹnìkan ti jí i rí.

Lórí tẹlifíṣàn, àfi kéèyàn sún mọ́ nǹkan bẹ́ẹ̀. Ojú rẹ̀ kéré, àwọn tó sì ń wo tiwa lórí fóònù nínú ọkọ̀ ò lóǹkà. Tá a bá ya ọjà Kútọ̀ láti òkèèrè, èèrà ni wọ́n máa rí. Màmá ní nígbà tí tẹlifíṣàn Ìbàdàn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, lọ́dún 1959, tí wọ́n máa ń yọjú lójú fèrèsé aládùúgbò, dúdú àti funfun ni gbogbo rẹ̀. O ò lè fi àwọ̀ aṣọ mọ olówó. Gèlè rẹ̀ lo máa wò, bó ṣe ga tó.

Ó yá, ká wá sórí Alájà rẹ. Kí n kọ́kọ́ sọ fún ọ pé ẹ̀gbọ́n tó ṣe é, èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n. Àwọn ló ń se mọ́ínmọ́ín wá fún wa. Ẹtù ni mo fẹ́ wọ̀ fún wọn, aṣọ àgbà, aṣọ ọlá. Ṣùgbọ́n ìlà ara ẹtù tẹ́ẹ́rẹ́ jù. Ìlà tó bá kéré tó bẹ́ẹ̀ máa ń dà rú mọ́ kámẹ́rà lójú, aṣọ á máa hó bí omi orí iná. Tí wọ́n bá ti mí báyìí, àyà wọn á máa yí gbirigbiri. Ó dùn mí, mo ká ẹtù padà, mo gbé àlàárì. Fún ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, léèsì funfun ni, ìyẹn náà tún níṣòro tiẹ̀. Funfun báláú máa ń tan kámẹ́rà jẹ. Á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù, ojú ẹni tó wọṣọ á wá dúdú bí ìdí ìkòkò. Omi tíì ni mo rẹ ẹ́ sí mọ́jú. Ìwọ tó o ní léèsì yẹn mọ́ tó fi dùn ọ́ lójú, àwọ̀ tíì lo rí o.

Gèlè ni àṣírí ibẹ̀. Mo we é fẹ̀ gan-an, ìran nìkan ni mo ń ṣe, mi ò ro nǹkan kan. Ìgbà tí Alájà fẹ́ wọ yàrá opó la rí i pé kò lè gba ẹnu ọ̀nà láìtẹrí ba. Olùdarí pariwo pé kí wọ́n dúró síbẹ̀, kí wọ́n má tẹrí ba. Ẹnu ọ̀nà yẹn nìkan ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Bí gèlè ṣe dí i, yàrá ṣú, ojú opó ṣú pẹ̀lú rẹ̀. Ìgbà yẹn lo sọ pé o pòṣé. Mo mọ̀ ọ́, ó tó kó o pòṣé.

Opó wá kúnlẹ̀ kí i, ibẹ̀ la ti fẹ́ jà. Ohun tí wọ́n ń kọ́ èèyàn nínú ìwé iṣẹ́ yìí ni pé tí kámẹ́rà bá ti ìsàlẹ̀ wo èèyàn, onítọ̀hún á di alágbára. Tó bá ti òkè wò ó, á kéré lójú. Olùdarí fẹ́ gbé kámẹ́rà sókè aja kó lè wo opó nílẹ̀. Mo ní rárá. Lọ́dọ̀ wa, ọmọ tó kúnlẹ̀ kò kéré, ọmọ tí wọ́n kọ́ ni. Tó o bá ti òkè wo ìkúnlẹ̀, o ti sọ ẹ̀kọ́ ilé di ìyà. A gbé kámẹ́rà sí déédéé ojú opó, a sì fi í síbẹ̀. Ó kí, ó ń dúró kí wọ́n ní kó dìde. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án ni, mo kà á. Alájà ò ní kó dìde. Ọmọ Yorùbá wo ló máa rí ìyẹn tí inú ò ní í bí?

O ní ọwọ́ Alájà ń bà ọ́ lẹ́rù. Lẹ́ǹsì ni. Opó, lẹ́ǹsì mílímítà 85, èyí tó ń fa ohun tó jìnnà sún mọ́, ni wọ́n fi yà á, kámẹ́rà jìnnà díẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ rí bàìbàì, ojú rẹ̀ tutù. Fún Alájà, wọ́n gbé lẹ́ǹsì mílímítà 24, èyí tó ń wo ibi tó fẹ̀, sún mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí. Lẹ́ǹsì tó fẹ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń wú ohunkóhun tó bá wà nítòsí rẹ̀, nítorí náà nígbà tó na ọwọ́ síwájú, òrùka mẹ́rin yẹn tóbi bí ọmọ odó.

Iná ló fẹ́ pa wá. Mo ra gílóòbù LED kan ní ẹ̀dínwó (má bi mí pé níbo), irú èyí tó máa ń ṣẹ́jú tẹ̀ lé iná tó ń wọ inú rẹ̀. Iná ìjọba wa, nígbà tó bá wà pàápàá, ń lọ ń bọ̀ nínú wáyà ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kámẹ́rà náà gbọ́dọ̀ máa ṣí ojú rẹ̀ fún ìdá kan nínú 50 ìṣẹ́jú àáyá kí àwọn méjèèjì lè bára mu. Ìyẹn dáa, tí iná ìjọba bá wà. Jẹnẹrétọ̀ la tàn, ìyàwó onílé sì rọra ki ẹ̀rọ omi dídì rẹ̀ bọ̀ ọ́. Jẹnẹrétọ̀ mí gúlegúle, ìlà dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè ń sọ̀ lójú Alájà. Ìgbà tí a wo ohun tí a yà lálẹ́ la tó rí i. Iṣẹ́ ọjọ́ kan ṣègbé, wọ́n sì tún ní láti se mọ́ínmọ́ín míì.

Ohun kan wà tí mi ò gbà fún wọn láéláé. Olùdarí fẹ́ kí a fi Alájà sínú òkùnkùn, kí iná pupa wà lẹ́yìn rẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún gbogbo ìkà láyé yìí. Mo bi í pé ilé olówó wo ní Òkè-Ìlẹ̀wọ́ ló ti rí òkùnkùn? Ẹni tí ò lówó epo jẹnẹrétọ̀ ló ń gbé inú òkùnkùn. A wá tan iná yí Alájà ká, kò ní òjìji kankan, ara rẹ̀ ń dán bí àwo tuntun. Opó ni a fún ní àtùpà.

Ìyẹn náà ò rọrùn. Aró Màmá dúdú, òṣèré wa dúdú, yàrá dúdú: ojú méjì àti eyín là ń rí. Ẹni tí ò mọṣẹ́ á da iná lé e níwájú, gbogbo rẹ̀ á wá rí bí eérú. Ayàwòrán wa gba ẹ̀yìn fèrèsé ran iná kan wọlé kí etí orí rẹ̀ àti èjìká lè yọ, ó gbé pátákó funfun sí ẹ̀gbẹ́, èmi sì fi òrí pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ kékeré wá ń yọ̀ lára rẹ̀ bí epo lójú ọbẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán wà ní nǹkan bí 5600 lórí òṣùwọ̀n Kelvin, tí wọ́n fi ń wọn àwọ̀ ìmọ́lẹ̀, àtùpà ò tó 2000, bí ó bá sì ti kéré tó ni ó ń pọ́n tó. Nítorí náà ìta fèrèsé rí bíi aró, inú yàrá rí bí epo pupa, ìró náà sì wà láàárín méjèèjì. Mo wò ó nínú kámẹ́rà, omi bọ́ lójú mi. O mọ̀ pé Túndé Kèlání, tó dàgbà nílùú wa níbí, iṣẹ́ kámẹ́rà ló ṣe kó tó di olùdarí. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ ìdí tí aṣọ fi ń sọ̀rọ̀ nínú eré tiẹ̀.

Màmá wò ó lọ́jọ́ Ẹtì pẹ̀lú gbogbo àdúgbò. Wọ́n ò sọ̀rọ̀ nípa ìró wọn rárá. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ẹni tó ṣe ìyá ọkọ opó náà ò mọ bí wọ́n ṣe ń yọ ṣùtì sí èèyàn, pé àwọn lè ṣe é dáadáa jù ú lọ. Mo rò pé àwàdà ni. Láàárọ̀ yìí wọ́n pè mí, wọ́n ti ra bàtà. Jọ̀ọ́, bá mi bá wọn sọ̀rọ̀. Àbí kó o kúkú fi wọ́n sílẹ̀, torí mo ti sọ fún olùdarí, òun náà sì ti ní kí wọ́n wá lọ́jọ́bọ̀.

Èmi ni tìrẹ,
Àṣàkẹ́