Ọ̀sẹ̀ kan ní Sípéènì: èsì sí ìyá wa tó kọ̀wé láti Kétu

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Lẹ́tà ìyá wa kan láti Kétu, tí ẹ tẹ̀ jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá, ni mo fẹ́ dá lóhùn. Ìyá ní àwọn ọmọ àwọn tó wà ní Faransé ti rí ibì kan létí òkun ní Sípéènì, níbi tí ènìyàn ti lè san owó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó sì máa ní ilé fún ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọọdún, títí dé ọmọ-ọmọ. Ìyá wá béèrè pé ṣé kí àwọn dá owó sí i. Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì yọ owó kankan. Irọ́ méjì ló wà nínú ìpolówó yẹn: kò sí "lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo" nínú ọ̀rọ̀ yìí, kò sì sí "títí dé ọmọ-ọmọ" bí wọ́n ṣe sọ ọ́.

Temps partagé ni wọ́n ń pe ọjà yìí ní Faransé, àwọn kan ní multipropriété. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ní timeshare. Propriété yẹn ló ń tan ènìyàn, ó ń dún létí bí ẹni pé a ra ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀, lábẹ́ òfin tí Faransé ṣe lórí rẹ̀ ní 1986, ìpín nínú ilé-iṣẹ́ tó ni ilé ni oníbàárà ń rà, ìpín yẹn ló sì fún un láṣẹ láti sùn níbẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ lọ́dún. Ẹ fi ọjà Wàndó níbí ní Àjàṣẹ́ wò ó. Ká ní ènìyàn 52 pín ìsọ̀ kan, oníkálukú ní ọ̀sẹ̀ tirẹ̀. Ẹni tó wá tajà san owó ìsọ̀, ẹni tí kò wá náà san án. Bí òrùlé bá jò, gbogbo wọn ni yóò dáwó. Bí ẹnì kan bá ní òun ò ṣe mọ́, kò lè kàn ká ẹní rẹ̀ kó máa lọ. Ó di dandan kó wá ẹni tí yóò gba ipò rẹ̀, tàbí kó rí i nínú ìwé àdéhùn pé ọ̀nà ìjáde wà. Ní ti títí láé, òfin Sípéènì ti 1998 ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjá ọdún 50, ilé ẹjọ́ wọn tó ga jù lọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fagi lé ìwé àdéhùn tí kò ní òpin ní 2015.

Oríṣi rẹ̀ pọ̀. Òmíràn jẹ́ ọ̀sẹ̀ tí kì í yí: wọ́n fi nọ́ńbà sí ọ̀sẹ̀ ọdún láti 1 lọ, ẹni tó bá ra ọ̀sẹ̀ 32, inú oṣù kẹjọ ni yóò máa lọ lọ́dọọdún. Òmíràn kò ní ọ̀sẹ̀ kan pàtó. Ẹni tó bá tètè kọ orúkọ ló ń mú ọ̀sẹ̀ tó dára, ẹni tó bá pẹ́ á gba èyí tó kù. Ti pọ́ìntì ló ti wá pọ̀ jù nísinsìnyí: dípò ọ̀sẹ̀, iye pọ́ìntì kan ni ènìyàn ń rà, òun ló sì ń fi san òru tó bá fẹ́ sùn. Ewu rẹ̀ ni pé ilé-iṣẹ́ náà ló ń pinnu iye pọ́ìntì tí òru kan máa jẹ, ó sì lè gbé e sókè. Pọ́ìntì tó ra ọ̀sẹ̀ kan lónìí lè má ra ju ọjọ́ márùn-ún lọ lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Wọ́n á tún sọ pé ẹ lè fi ọ̀sẹ̀ yín ṣe pààrọ̀ káàkiri ayé. Òótọ́ ni pé àwọn tó ń ṣètò pààrọ̀ wà, ọ̀kan nínú wọn, RCI, ti wà láti 1974, àmọ́ owó ẹgbẹ́ wọn wà lọ́tọ̀, owó pààrọ̀ kọ̀ọ̀kan náà wà lọ́tọ̀, ohun tí ẹ bá sì kó sílẹ̀ ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó fún yín ní òmíràn. Yàrá kékeré ní oṣù kọkànlá kò lè gba ilé oníyàrá méjì létí òkun ní oṣù kẹjọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni owó ìtọ́jú ọdọọdún, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní charges. Omi, iná, ọlọ́dẹ, ìmọ́tótó, ọ̀dà, owó assurance, owó orí ilé, àti owó ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó gbogbo rẹ̀, inú ibẹ̀ ni wọ́n wà. Ó ń lọ sókè ju bí owó oṣù ènìyàn ti ń lọ sókè lọ, torí pé bí ilé ṣe ń gbó ni àtúnṣe ń pọ̀, bí àwọn kan bá sì dẹ́kun sísan, orí àwọn tó kù ni ó ń bọ́ sí. Bí ẹ̀rọ tó ń gbé ènìyàn lọ sókè bá bàjẹ́, tàbí ìjì ṣí òrùlé, tí owó ìpamọ́ wọn kò sì tó, wọ́n á pín ìnáwó náà kan gbogbo yín lọ́tọ̀. Ẹ kò ní lè ní ẹ kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ìjì jà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Mo mú iye tí kò le jù. Ká ní wọ́n ta ọ̀sẹ̀ kan ní yúrò 9,000, owó ìtọ́jú ọdún àkọ́kọ́ jẹ́ yúrò 600, ó sì ń fi 4 nínú 100 lọ sókè lọ́dọọdún. Yúrò kan jẹ́ nǹkan bíi CFA 656, ìyẹn kì í yí. Owó ìwọlé jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 5.9, owó ìtọ́jú ọdún àkọ́kọ́ jẹ́ nǹkan bí 394,000. Ní ogún ọdún, owó ìtọ́jú nìkan á ti di yúrò 17,867, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì owó tí ẹ fi wọlé. Ní ọdún ogún yẹn gan-an, owó ọdún kan á ti kúrò ní 600, á ti di 1,264. Ẹ pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, yúrò 26,867 ni. Òru méje lọ́nà ogún jẹ́ òru 140. Ẹ pín in, òru kan jẹ́ yúrò 192, CFA 126,000, láìtíì ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú, láìtíì jẹun.

Èyí jẹ́ fún ẹni tí kò pa ọdún kankan jẹ. Àmọ́ ta ni nínú wa tí ìnáwó òkú, àìsàn tàbí ọdún tí ọjà kò yá kò ní dá dúró? Bí ẹ bá pa ọdún márùn-ún péré jẹ nínú ogún, òru 105 ló kù, òru kan á di yúrò 256, CFA 168,000. Bí ẹ bá sì yá owó ìwọlé náà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó ń tà á fún yín, bí wọ́n ṣe máa ń fi lọni nídìí tábìlì, èlé rẹ̀ tún ń bẹ lórí èyí.

Iye òru kan yẹn ni kí ẹ wá fi wé iye tí ilé àyálò ń gbà ní àdúgbò kan náà, ọ̀sẹ̀ kan náà, iye ènìyàn kan náà. Ká má ṣe ojúsàájú: ilé temps partagé sábà máa ń ní ilé ìdáná àti yàrá ju ẹyọ kan lọ, nítorí náà ilé ni kí a fi wé ilé, kí a má fi wé yàrá òtẹ́ẹ̀lì kan. Àwọn olùtajà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Òtẹ́ẹ̀lì tó wọ́n jù ní ìlú náà ni wọ́n ń gbé sórí ìwé wọn. Wọn kì í sì í sọ pé àwọn tó ti ra ọ̀sẹ̀ níbẹ̀ pàápàá ń yá a jáde, nígbà mìíràn ní iye tí kò ju owó ìtọ́jú ọdún náà lọ. Ìyẹn ni pé ẹ lè sùn nínú ilé kan náà láì san yúrò 9,000 kankan.

Fún ẹni tó wà ní Kétu, Sábẹ̀ tàbí Àjàṣẹ́ níbí, físà tún ń bẹ. Láti oṣù kẹfà 2024, yúrò 90 ni owó físà Schengen, èyí tí a fi ń wọ Sípéènì àti Faransé, fún àgbàlagbà, nǹkan bíi CFA 59,000, bí wọ́n bá sì kọ̀ fún ènìyàn, wọn kì í dá a padà. Ìwé ọ̀sẹ̀ ìsinmi kì í ṣe ìwé ìgbélùú. Kò fún ẹnikẹ́ni lẹ́tọ̀ọ́ sí físà. Ohun tó lè ṣe jù ni kó fi hàn pé ẹ ní ibi tí ẹ máa sùn sí, iṣẹ́ tí ìwé òtẹ́ẹ̀lì lásán náà ń ṣe. Bí wọ́n bá kọ̀ fún yín lọ́dún kan, owó ìtọ́jú ọdún yẹn kò ní dúró. Bí ẹ bá sì fẹ́ bá àwọn ọmọ-ọmọ lọ nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ wà ní ìsinmi, oṣù keje àti ìkẹjọ ni, àkókò tí gbogbo Yúróòpù ń lọ sétí òkun, tí ọ̀sẹ̀ wọ́n jù.

Ní ti bí wọ́n ṣe ń tà á, àwọn ọmọ yín ló máa bá a pàdé. Wọ́n á fi ẹ̀bùn pè wọ́n, oúnjẹ àárọ̀ tàbí òru méjì lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n á ní wákàtí kan àti ààbọ̀ ni, ó á di mẹ́rin. Tọkọtaya gbọ́dọ̀ jọ wá, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òun fẹ́ lọ bi ẹnìkejì. Bí ẹ bá ní ó wọ́n, ọ̀gá kan á jáde láti yàrá inú, owó á já sí ìdajì, àmọ́ fún òní nìkan. Ẹ bi ara yín: ọjà wo ní Wàndó ni wọ́n ń bu ìdajì rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, tí iye àkọ́kọ́ sì jẹ́ òótọ́?

Bí ọwọ́ bá ti tẹ ìwé, òfin ṣì fún àwọn ọmọ yín láyè. Ní gbogbo ilẹ̀ Àjọṣepọ̀ Yúróòpù, òfin 2008 wọn fún ẹni tó rà ní ọjọ́ 14 láti yí ọkàn padà láì sọ ìdí, wọn kò sì gbọ́dọ̀ gba owó kankan lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín ọjọ́ wọ̀nyí, ì báà jẹ́ owó ìdúró, ì báà jẹ́ nọ́ńbà káàdì báńkì. Bí wọ́n kò bá fún un ní fọ́ọ̀mù ìfàsẹ́yìn, àyè yẹn á gùn dé ọdún kan àti ọjọ́ 14. Òfin kan náà kò fàyè gba kí wọ́n pè é ní ìdókòwò tó máa mú èrè wá. Olùtajà tó bá sọ fún àwọn ọmọ yín pé wọ́n á tà á jèrè ti rú òfin lójú wọn. Kí ẹni tó fẹ́ fà sẹ́yìn má ṣe fi ẹnu sọ ọ́ lórí fóònù. Kí ó kọ ọ́, kí ó fi lẹ́tà recommandé tó ní ìwé ẹ̀rí ìgbàwọlé ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì tó wà nínú ìwé àdéhùn, kí ó tún fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ lórí íméèlì lọ́jọ́ kan náà. Ọjọ́ tó fi ránṣẹ́ ni wọ́n ń kà, kì í ṣe ọjọ́ tó dé ọwọ́ wọn. Ẹni tó bá dúró dìgbà tó padà dé Kútọnu kó tó ronú sí i ti pa ìdajì ọjọ́ rẹ̀ jẹ.

Lẹ́yìn àkókò yẹn, ó ṣòro. Wọ́n ń pàtẹ ọ̀sẹ̀ ní yúrò kan tí ẹnikẹ́ni kò rà, nítorí gbèsè ọdọọdún ni ẹni tó rà á ń gbà. Àwọn oníjìbìtì sì mọ̀ pé ojú ń pọ́n àwọn tó fẹ́ tà. Wọ́n á pè pé àwọn ti rí oníbàárà, kí ẹ kọ́kọ́ fi owó orí ránṣẹ́. Ìwà yìí pọ̀ débi pé ní 2023 ìjọba Amẹ́ríkà fòfin de àwọn kan ní Mẹ́síkò tó ń fi í gba owó lọ́wọ́ àwọn àgbàlagbà. Ní ti ogún, àwọn ọmọ ló máa jogún owó ìtọ́jú náà pẹ̀lú ọ̀sẹ̀. Faransé ní láti tún òfin rẹ̀ ṣe ní 2014 kí ó lè rọrùn díẹ̀ fún ẹni tó jogún irú ìpín bẹ́ẹ̀ láti jáde.

Ta ni ó wá yẹ fún? Ó lè yẹ fún àwọn ọmọ yín fúnra wọn, bí wọ́n bá lè wa ọkọ̀ láti Faransé dé ibẹ̀, tí wọ́n ń lọ sí ìlú kan náà lọ́dọọdún, tí wọ́n sì rà á lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ jáde ní owó tí kò tó nǹkan, lẹ́yìn tí wọ́n ti rí ìwé ẹ̀rí pé ẹni náà kò jẹ gbèsè. Kí ó jẹ́ orúkọ wọn ni ó wà lórí rẹ̀, kí ó má jẹ́ tiyín.

Kí ẹ tó fèsì fún wọn, ìyá, ẹ ní kí wọ́n béèrè nǹkan mẹ́rin lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà, kí wọ́n sì gbé e lọ sílé kà: ìwé àdéhùn láìtíì fọwọ́ sí i, owó ìtọ́jú ọdún márùn-ún sẹ́yìn lọ́kọ̀ọ̀kan, iye tó wà nínú owó ìpamọ́ àtúnṣe, àti iye àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí kò san owó ọdún tó kọjá. Ẹ ní kí wọ́n yá ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ní in, lọ́dún yìí, kí wọ́n bá àwọn tó ti rà á sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò ìlúwẹ̀ẹ́, níbi tí olùtajà kò sí.

Òǹkàwé yín láti Àjàṣẹ́