Ohun Tí Ọba Kò Lè Rí Níwájú Orí Ara Rẹ̀

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, mo kí yín kú ọ̀sẹ̀. Mo kí ẹ̀yin tí ara yín kò le dáadáa ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, a kò gbàgbé yín nínú àdúrà.

Bíbélì kíkà wa ni 2 Kíróníkà orí 26. Mo bẹ̀ yín, ẹ kà á nílé kó tó di ìpàdé Ọjọ́rú, kí ẹ sì kà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, nítorí ìtàn Ùsáyà ọba Júdà ni, ọba tó dára. Ohun tó ń dùn mí nínú rẹ̀ gan-an nìyẹn. Tó bá jẹ́ Áhábù, ọba burúkú Ísírẹ́lì, ló ṣubú, kò ní ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ùsáyà kì í ṣe Áhábù.

Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tí wọ́n fi í jọba ní Jerúsálẹ́mù, ó sì lo ọdún 52 lórí ìtẹ́. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tó gun orí oyè lè ti ní ọmọ-ọmọ kí ọba náà tó wàjà. Sekaráyà kọ́ ọ ní ọ̀nà Ọlọ́run, ó sì gbọ́. Ó gba Élátì padà, ó tún un kọ́. Ó wó odi Gátì, ti Jábínè àti ti Áṣídódù. Àwọn ará Ámónì ń gbé ẹ̀bùn wá fún un, òkìkí rẹ̀ kàn dé ẹnu ààlà Íjíbítì. Ó kọ́ ilé ìṣọ́ sí ẹnubodè Jerúsálẹ́mù, ó kọ́ òmíràn sí aginjù, ó sì gbẹ́ kànga púpọ̀ nítorí ẹran ọ̀sìn rẹ̀. Gbólóhùn kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ràn gidigidi: ọba yìí fẹ́ràn iṣẹ́ àgbẹ̀. Ó ní ọmọ ogun 307,500, olórí ìdílé 2,600 ló ń darí wọn, ó ní ẹ̀rọ tó ń ta ọfà tó sì ń ju òkúta ńlá láti orí odi, síbẹ̀ ó ráyè ro ti àwọn tó ń tọ́jú àjàrà lórí òkè. Irú ìjọba tí gbogbo wa ń gbàdúrà fún ni.

Ẹsẹ 15 wá sọ pé a ràn án lọ́wọ́ lọ́nà ìyanu títí ó fi di alágbára. Ẹ fi ìka yín sórí ọ̀rọ̀ náà, “títí.” Ẹsẹ tó tẹ̀ lé e sọ pé nígbà tó di alágbára tán, ọkàn rẹ̀ gbéga, ó sì ṣìnà sí ìparun. Láàárín ẹsẹ méjèèjì, kò sí ogun, kò sí ìyàn, ọ̀tá tuntun kankan kò dìde. Ìdáhùn sí àdúrà nìkan ló dé.

Kí ló ṣe? Ó wọ tẹ́ḿpìlì lọ láti sun tùràrí lórí pẹpẹ. Lójú wa lónìí ó lè dà bí nǹkan kékeré, ó tilẹ̀ lè jọ ìfọkànsìn. Ọba wọ ilé Ọlọ́run lọ jọ́sìn, kí ló burú níbẹ̀? Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Árónì ni Ọlọ́run yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ yẹn. Ó fẹ́ kí ibì kan wà ní Júdà tí ọwọ́ ọba kò tó. Ùsáyà ti ní ohun gbogbo, ó ku ilẹ̀kùn kan ṣoṣo tí wọ́n ní kó má ṣí, ilẹ̀kùn yẹn náà ló wá ń wù ú.

Asaráyà àlùfáà wọlé tẹ̀ lé e, òun àti 80 àlùfáà mìíràn. Bíbélì pè wọ́n ní akọni ọkùnrin, bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n jẹ́, nítorí ẹni tó ní ọ̀kẹ́ àìmọye ọmọ ogun ni wọ́n dojú kọ, a kò sì gbọ́ pé ẹnikẹ́ni nínú wọn mú idà dání. Wọ́n ní kì í ṣe tìrẹ, Ùsáyà, láti sun tùràrí. Wọ́n ní jáde kúrò ní ibi mímọ́, ìwọ ti rékọjá, èyí kò sì ní jẹ́ ọlá fún ọ lọ́dọ̀ Olúwa.

Ẹ jẹ́ ká dúró níbí. Ní ìṣẹ́jú yẹn, ara Ùsáyà ṣì mọ́ tónítóní. Ó ti rékọjá ààlà, àwo tùràrí ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, síbẹ̀ kò sí ẹ̀tẹ̀ lára rẹ̀. Ká ní ó gbé àwo náà sílẹ̀, kó ní, “Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àlùfáà, ẹ tọrọ àforíjì fún mi lọ́wọ́ Olúwa,” bóyá a kò ní gbọ́ ohunkóhun nípa ọjọ́ náà rárá. Bíbélì sọ pé ó bínú. Bó ti ń bínú sí àwọn àlùfáà lọ́wọ́ ni ẹ̀tẹ̀ yọ níwájú orí rẹ̀. Ọlọ́run kò kọlù ú nígbà tó wọlé. Ọlọ́run ní sùúrù fún un títí ó fi fi ìbínú dá ẹni tó ń kìlọ̀ fún un lóhùn.

Òwe 16:18 ní ìgbéraga ní í ṣáájú ìparun, agídí ọkàn ní í ṣáájú ìṣubú. Mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa pé agídí ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ìgbéraga lè wà nínú èèyàn fún ogún ọdún kí ẹnikẹ́ni má mọ̀, òun gan-an lè má mọ̀. Ọjọ́ tí ẹnì kan bá sọ fún un pé, “Ẹ̀gbọ́n, èyí tí ẹ ṣe yìí kò dáa,” ọjọ́ náà ni yóò di agídí, tí gbogbo ayé yóò rí i.

Ẹ wo Fáráò. Ọ̀pọ̀lọ́ kún ilé rẹ̀, ó wà lórí ibùsùn rẹ̀, ó wà nínú ààrò àti nínú ọpọ́n tí wọ́n ń po ìyẹ̀fun sí. Mósè bi í pé ìgbà wo ni kí òun gbàdúrà kí wọ́n lọ. Ó ní, “Lọ́la.” Ẹni tó ń bá ọ̀pọ̀lọ́ sùn ló ní ó di lọ́la! Nígbà tó yá, àwọn ìránṣẹ́ tirẹ̀ gan-an, àwọn tó ń jẹun lábẹ́ rẹ̀, bẹ̀ ẹ́ ní Ẹ́kísódù 10:7 pé kó jẹ́ kí àwọn èèyàn náà máa lọ, wọ́n ní ṣé kò tíì mọ̀ pé Íjíbítì ti run tán ni. Rèhóbóámù náà kò ṣaláìgbọ́ ìmọ̀ràn àwọn àgbà ní Ṣékémù, àwọn tó ti dúró níwájú Sólómọ́nì bàbá rẹ̀. Ó lọ gba ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ní kó sọ pé ọmọ ìka òun nípọn ju ẹ̀gbẹ́ bàbá òun lọ. Ẹ̀yà mẹ́wàá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kẹ̀kẹ́ ẹṣin ló gùn sá lọ sí Jerúsálẹ́mù. A máa ń sọ pé ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Àwọn wọ̀nyí gbọ́ fèrè ọdẹ o. Ẹni 81 ló fọn ọ́n sétí Ùsáyà.

Àwọn baba wa pàápàá mọ ewu yìí. Wọ́n ń kí ọba ní Kábíyèsí, síbẹ̀ ní Ọ̀yọ́ Ilé, Ọ̀yọ́ Mèsì, ìgbìmọ̀ àwọn ìjòyè ńlá, lè gbé igbá òfìfo ránṣẹ́ sí Aláàfin, ìyẹn ni pé kó lọ kú. Baṣọ̀run Gáà ni olórí wọn nígbà kan. Ẹni tó yẹ kó máa kó ọba níjàánu ló wá di ẹni tí ẹnikẹ́ni kò lè kó níjàánu, ó ń fi ọba jẹ, ó ń rọ̀ wọ́n lóyè, àwọn ọba sì ń tipa rẹ̀ kú, títí Aláàfin Abíọ́dún fi ṣẹ́gun rẹ̀ ní ọdún 1774. Ẹ̀yin àgbà inú ìjọ mọ ọ̀rọ̀ tó ṣẹ́kù: bí o láyà, ṣèkà, bí o bá rántí ikú Gáà, sọ òótọ́.

Nísinsìnyí, ẹ wo ibi tí ẹ̀tẹ̀ náà ti yọ. Kì í ṣe lọ́wọ́ tó fi mú àwo tùràrí, kì í ṣe lẹ́sẹ̀ tó gbé wọlé. Iwájú orí ni. Ẹ ṣí Ẹ́kísódù 28: níwájú orí olórí àlùfáà ni Ọlọ́run ní kí wọ́n so awo wúrà pẹlẹbẹ mọ́, èyí tí wọ́n fín “Mímọ́ sí Olúwa” sí. Ibi tí wúrà yẹn máa ń wà lára ẹni tí Ọlọ́run pè ni ẹ̀tẹ̀ wà lára ẹni tó pe ara rẹ̀.

Ohun mìíràn tún ni pé èèyàn kì í fi ojú ara rẹ̀ rí iwájú orí ara rẹ̀. Ẹsẹ 20 ní Asaráyà àti gbogbo àlùfáà wò ó, wọ́n rí i. Àwọn tó ń bínú sí ni wọ́n kọ́kọ́ rí ohun tó ń ṣe é. Mo gbà pé lójú wọn ni òun náà ti mọ̀, nítorí nígbà tí wọ́n ń tì í jáde, òun fúnra rẹ̀ yára láti jáde.

Mi ò kọ èyí bí ẹni tó ga ju yín lọ. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo fẹ́ mú lára owó tí a yà sọ́tọ̀ fún àwọn opó, kí a fi parí òrùlé kan. Mo ní a ó dá a padà. Ìyá kan nínú ìgbìmọ̀ sọ fún mi, ohùn wọn kò tilẹ̀ sókè, pé, “Pásítọ̀, owó yẹn ní olówó.” Mo dá wọn lóhùn lọ́nà tí kò yẹ kí n dá ìyá mi lóhùn. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń kí wọn bí ẹni tí kì í wo ojú ẹni tó ń kí, mo sì ń wàásù lórí ìwà tútù lọ́jọ́ Ìsinmi. Ìyàwó mi ló bi mí lálẹ́ ọjọ́ kan pé, “Ṣé ọ̀rọ̀ tí Ìyá sọ ni kò dáa, àbí pé àwọn ló sọ ọ́?” Mi ò rí èsì fọ̀. Nígbà tí mo dé ilé wọn láàárọ̀, wọ́n ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà lórí atẹ. Mo dọ̀bálẹ̀. Wọ́n ní, “Ẹ dìde, Baba, ẹ jókòó, ẹ̀wà yìí kò ní pẹ́ jinná.” Wọn ò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. A jẹun pọ̀.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbàdúrà fún àwọn olórí orílẹ̀-èdè yìí lọ́nà mìíràn. Ẹni tó bá ti di gómìnà, tó di mínísítà, tó di alága, ilẹ̀kùn mélòó ni ẹni tó fẹ́ sọ òótọ́ fún un máa kọjá? Àwọn tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, ìyìn ni wọ́n ń kó wọlé. Ó lè wà níbẹ̀ lọ́dún mẹ́jọ kó má gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan tó ta kò ó. Ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run kó fún wọn ní Asaráyà, kó sì fún Asaráyà ní 80 ẹni tí yóò bá a wọlé, nítorí iṣẹ́ yẹn wúwo fún ẹnì kan. Bí ẹ bá jẹ́ bàbá nínú ilé, tàbí ọ̀gá níbi iṣẹ́, tí kò sí ẹni tó ti ta kò yín láti ìgbà pípẹ́, ẹ má tètè rò pé ẹ kì í ṣìṣe ni. Ẹ bi àwọn ọmọ yín bóyá ẹ̀rù yín ló ń bà wọ́n.

Dáfídì dẹ́ṣẹ̀ tó burú ju ti Ùsáyà lọ. Obìnrin olóbìnrin, ẹ̀jẹ̀ ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú. Nátánì nìkan ló wọlé tọ̀ ọ́ wá, kò ní 80 ẹni lẹ́yìn. Dáfídì ní, “Èmi ti ṣẹ̀ sí Olúwa.” Ìyà dé, ó dé púpọ̀, ṣùgbọ́n kò kú nínú ilé ọ̀tọ̀.

Ilé ọ̀tọ̀ ni Ùsáyà ń gbé títí ó fi kú. Jótámù ọmọ rẹ̀ ló ń ṣàkóso ilé ọba. Kò tún wọ ilé Olúwa mọ́, kódà kò wọ àgbàlá tí gbogbo ará ìlú ń wọ̀. Nígbà tó kú, oko ìsìnkú ni wọ́n sin ín sí, wọ́n ní, “Adẹ́tẹ̀ ni.” Ní ọdún 1931, ọ̀mọ̀wé Eleazar Sukenik rí òkúta kan láàárín àwọn ohun àtijọ́ tí àwọn ará Rọ́ṣíà kó pa mọ́ sí ilé ìjọsìn wọn lórí Òkè Ólífì. Èdè Árámáíkì ni wọ́n fi kọ ọ́, ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn ikú ọba náà: ibí ni wọ́n kó egungun Ùsáyà ọba Júdà wá, má ṣí i.

Ní ọdún tí ọba yìí kú ni Aísáyà rí Olúwa lórí ìtẹ́ tó ga, èéfín sì kún ilé náà. Òfin Léfítíkù ni pé kí adẹ́tẹ̀ bo ètè rẹ̀ òkè, kó máa ké pé, “Aláìmọ́! Aláìmọ́!” Aísáyà kò ní ẹ̀tẹ̀ kankan lára. Síbẹ̀ òun ló ké pé, “Ègbé ni fún mi, aláìmọ́ ètè ni mí.” Kò mú àwo tùràrí dání, kò sún mọ́ pẹpẹ. Ọ̀kan nínú àwọn séráfù fi ẹ̀mú mú ẹyin iná láti orí pẹpẹ, ó fò wá bá a níbi tó wà, ó sì fi kàn án ní ètè.